Sáńwíìṣì adìẹ tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ ní GRA yìí, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?

BàbáRáyáàn, Adéwọlé

Àsàlámù aléíkúmù, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá o, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí mi ò lè ṣí fóònù kí n má bá sáńwíìṣì adìẹ yìí pàdé. Ilé oúnjẹ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní GRA Ìlọrin níbí ló ń tà á. Bákan náà ni gbogbo fídíò ẹ̀ rí: ọmọbìnrin kan á kun ètè, á já sáńwíìṣì sí méjì, á gbé e sún mọ́ kámẹ́rà, èéfín á máa jáde lára adìẹ, ọbẹ̀ pupa kan á máa kán tó-tó-tó sórí páálí, ọmọbìnrin á dijú, á mi orí. Ó parí. Nínú gbogbo wọn, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti há a sórí débi pé èyí àbíkẹ́yìn ń fi búrẹ́dì àti ẹyin ṣe é nínú ilé, ó ń dijú, ó ń mi orí.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Mínírà ò sí níbẹ̀, ọ̀dùnkún díndín ò sí níbẹ̀. Olùkọ́ ni mí, ìyàwó mi ń ṣe nọ́ọ̀sì, ọmọ mẹ́ta la bí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ₦40,000 ká tó mu omi. Tí n bá gbé owó yẹn lọ sí ọjà Ìpàta, mo mọ ohun tí màá rù bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀. Adìẹ yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́, àbí ọbẹ̀ tí wọ́n dà lé e lórí ló ń ṣiṣẹ́? Ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà lè fara da ata ẹ̀? Ṣé kí n lọ síbẹ̀ ni, àbí kí n ní kí ọlọ́kadà gbé e wá? Ta ló ń bá wọn dú adìẹ? Kí ẹnikẹ́ni má sì kàn wá sọ fún mi níbí pé "ó dùn". Gbogbo ohun tí wọ́n bá ti jù sínú òróró gbígbóná ló dùn.

Ṣẹ́gun_Tanke

Ẹ̀gbọ́n, mo ti jẹ ẹ́. Ó dùn.

Ẹ má bínú sà. Àwa mẹ́ta la dáwó, ẹyọ kan la rà, ọ̀bẹ ike la fi pín in, ẹni tó mú ọ̀bẹ ló gba apá tó tóbi jù. Ìlà ti jáde sí títì lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kó tó kàn wá. Ata ẹ̀, ètè nìkan ló ń ta, kì í wọnú. Ọmọ ọdún mẹ́fà á sunkún díẹ̀, á sì ní kí ẹ fún òun sí i.

Ìyerú_Ọ̀fà

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ? Búrẹ́dì àti adìẹ? Ọ̀fà la wà tí à ń se ọ̀dùnkún wa jẹ o, ọkàn wa balẹ̀. Ẹ kú ìnáwó.

ÌyáSúlú_Aládìẹ

Bàbá Ráyáàn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà ń din adìẹ tà ní Òkè-Òdò ní ìrọ̀lẹ́, ẹ rántí ìyẹn bí ẹ bá ń ka ohun tí mo kọ. Àwọn oníbàárà mi ni kò jẹ́ kí n sinmi: "Ìyá Súlú, ṣé tiyín lè rí bíi ti GRA?" Ni mo bá wé gèlè, mo lọ jẹ ẹ́.

Àyà adìẹ ni, kì í ṣe itan. Wọ́n yọ egungun ẹ̀, wọ́n là á kó nípọn dọ́gba. Mo bó èèpo ìyẹ̀fun ara ẹ̀ kúrò kí n lè rí ẹran inú ẹ̀. Ọmọ tó ń nu tábìlì ń wò mí, mi ò dá a lóhùn. Ẹran náà funfun, nígbà tí mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, omi sun jáde. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré o. Àyà adìẹ àgíríìkì, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dín á gbẹ ẹ́ dànù, omi tútù lèèyàn á fi tì í lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Wọ́n ti rẹ adìẹ yẹn sínú nǹkan. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ irú sáńwíìṣì yìí, wàrà kíkan tí wọ́n ti yọ bọ́tà kúrò lára ẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ wá wo nọ́nọ̀ tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá ní Ìlọrin níbí. Wàrà màlúù tó ti kan ni, wọ́n ti mì í nínú akèrègbè, wọ́n sì ti kó ọ̀rá orí ẹ̀ lọ. Kí ló tún kù? Nọ́nọ̀ ni èmi ń lò látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kíkan ẹ̀ ń mú kí ẹran rọ̀, iyọ̀ tí a pò mọ́ ọn ń wọ inú ẹran lọ, ó sì ń jẹ́ kí omi ara ẹ̀ dúró nígbà tí iná bá kàn án. Wàrà tí à ń dín jẹ kọ́ ni mò ń sọ o. Ìyẹn ti dì, ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì, kò ní bá yín ṣe iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan òróró. Ó gbọ́dọ̀ gbóná tó 175 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì kí adìẹ tó wọ inú ẹ̀, inú ẹran náà sì gbọ́dọ̀ dé 74 kó tó jáde. Tẹmómítà ni mo fi ń wò ó báyìí. Èèpo àlùbọ́sà ni mo ń jù sínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá ti ń hó yí i ká kíá, ó ti yá. Òróró tí kò gbóná tó, adìẹ á mu ún yó. Èyí tó gbóná jù, ẹ̀yìn á dúdú, inú á pupa. Ibi tí púpọ̀ nínú àwa tí à ń dín in nígboro ti ń bà á jẹ́ ni pé oníbàárà á pọ̀, a ó da adìẹ kún agbada lẹ́ẹ̀kan náà, kíá ni òróró á tutù. Àwọn ará GRA yẹn ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná ẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo jowú.

Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́kadà gbé e wá sílé. Inú páálí tí wọ́n pa dé, ooru adìẹ á di omi, omi á padà sára èèpo ẹ̀. Kí ọmọ yẹn tó ti GRA dé Adéwọlé, kó tó bọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Táíwò, ohun tí ẹ sanwó fún á ti rọ̀ bí àkàrà àná. Ẹ lọ jẹ ẹ́ níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó ya fọ́tò kankan.

Ní ti ẹni tó ń dú u, mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó wà ní káúńtà, kò mọ̀. Mo ní kó pe ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá jáde, ó ní oko adìẹ kan lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ti ń ra á, mùsùlùmí ló ń dú u níbẹ̀. Kí ẹ̀yin náà béèrè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó adìẹ dídì wọlé láti òkè òkun, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ọ̀nà Kùtọnu gbé e wọlé kò tíì jáwọ́, ta ló wá mọ ẹni tó dú ìyẹn?

Àbùkù ẹ̀ lójú tèmi: búrẹ́dì yẹn, ṣúgà ẹ̀ ti pọ̀ jù. Nípa owó, mi ò ní lanu sọ nǹkan kan. Èmi náà ń ra òróró, mo mọ iye tí wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì.

ỌmọỌlọ́mù_Houston

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Texas ni mò ń gbé. Ìyá Súlú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nọ́nọ̀! Kò sí èyí tó sọ ọ́ fún mi rí nínú gbogbo àwọn tó ń dáná lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ariwo yìí ti pẹ́ o. Popeyes, ilé oúnjẹ adìẹ díndín tí Al Copeland dá sílẹ̀ lẹ́bàá New Orleans ní 1972, ló gbé tiẹ̀ jáde káàkiri Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ǹtì 99 ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Chick-fil-A, ilé oúnjẹ adìẹ míì níbẹ̀, ti ń ta adìẹ inú búrẹ́dì látìgbà tí wọn ò tíì bí èmi, láti àwọn ọdún 1960, ni wọ́n bá bọ́ sórí Twitter láti fi yé aráyé pé tàwọn ló ṣáájú. Popeyes dá wọn lóhùn, ó bi wọ́n pé ṣé kò sí o, ṣé ara wọn le. Ìyẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò dá sí i. Kí oṣù náà tó parí, Popeyes kéde pé ó ti tán pátápátá. Odindi Amẹ́ríkà! Ọkùnrin kan ní Tennessee pè wọ́n lẹ́jọ́ pé òun wá a kiri, òun ò rí i rà. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tún gbé e padà wá, ọjọ́ Àìkú, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ náà ni, torí Chick-fil-A kì í ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gún ọkùnrin kan pa ní Maryland, lórí ọ̀rọ̀ ta ló já ìlà. Nítorí adìẹ.

Èmi náà tò. Àwa ọmọ Kwara la kún inú mọ́tò kan, à ń rá kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tẹ̀lé mọ́tò tó wà níwájú, ọ̀kan nínú wa ń bú gbogbo wa pé ká ti gún iyán jẹ láti àárọ̀. Nígbà tó kàn wá, inú mọ́tò níbẹ̀ la ti jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí ó fi tán. Ó dára gan-an. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, nígbà tí ìlà ò sí mọ́, mo tún ra á: adìẹ kan náà, búrẹ́dì kan náà, mo ń jẹ ẹ́, mò ń wo bọ́ọ̀lù, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó tán. Nítorí náà, Bàbá Ráyáàn, ẹ lọ nígbà tí ìlà ò bá sí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá adìẹ lẹ̀ ń jẹ àbí ìlà.

Ẹ jọ̀ọ́, kùkúmbà ńkọ́? Ti ibí, kùkúmbà tí wọ́n ti rẹ sínú fínígà àti iyọ̀ máa ń wà nínú ẹ̀. Ó tinrín, èèyàn lè má kà á sí, ṣùgbọ́n kíkan ẹ̀ ló ń pa ọ̀rá mayonéèsì àti òróró yẹn lẹ́nu. Tí kò bá sí i níbẹ̀, á tètè sú yín.

ÌyáSúlú_Aládìẹ

Kùkúmbà wà. Tútù ni wọ́n gé e sí i, omi lásán ló ń ṣe lẹ́nu. Ẹ ṣeun, mo ti ń wá ohun tó kù níbẹ̀.

BàbáRáyáàn, Adéwọlé

Mo ti lọ. Ẹ gbọ́ àbọ̀.

Họlidé ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àìlà tán. Ìlà ò sí. Ẹyọ méjì la rà, torí ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun mo ti mú ọ̀bẹ tó mú dání láti ilé.

Ohun tí mi ò retí ni ti ìyàwó mi. Ó ti ka ohun tí Ọmọ Ọlọ́mù kọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó gé kùkúmbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó rẹ ẹ́ sínú fínígà, iyọ̀, ṣúgà díẹ̀ àti aáyù, inú ìgò jáàmù, ó gbé e sí fíríìjì. Mo rò pé sàláàdì ló fẹ́ fi ṣe. Bí oúnjẹ ṣe dé, ó ṣí báàgì, ó gbé ìgò kalẹ̀ sáàárín tábìlì ilé oúnjẹ olówó ńlá. Ọmọ tó ń nu tábìlì (ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó wo Ìyá Súlú náà ni) dúró, ó ń wo ìgò. Ìyàwó mi ní, "Má bínú, oògùn mi ni." Ọmọ náà ní kí Ọlọ́run fún wọn lálàáfíà, ó kọjá lọ. Èmi ò lè gbójú sókè.

Apá tèmi: etí adìẹ náà yọ síta kọjá búrẹ́dì, ó rí ṣágiṣàgi, ó pọ́n. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bù jẹ. Ó ró débi pé Ráyáàn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi yíjú wò mí. Lẹ́yìn náà ló kan ẹran, ó gbóná, ó rọ̀, iyọ̀ ti dé inú ẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan. Omi ẹ̀ ṣàn bá ọrùn ọwọ́ mi wọ inú apá bùbá. Ọbẹ̀ aláta yẹn tẹ̀ lé e, mi ò ráhùn sí i. Ṣùgbọ́n kí n tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó ti ń tó mi, mo ti ń wá omi. Ni mo bá ti kùkúmbà inú ìgò bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará, ọ̀fun mi tún ṣí! Ọmọ Ọlọ́mù, Ọlọ́run á bù sí i fún yín.

Ráyáàn yọ kùkúmbà tiẹ̀, ó tò ó sí etí àwo, ó jẹ gbogbo ohun tó kù. Èyí ọdún mẹ́fà lá ọbẹ̀, ó sunkún, ó mu omi, ó ní kí n fún òun sí i, gẹ́gẹ́ bí Ṣẹ́gun ti wí. Ó tún dijú, ó mi orí, kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Mo bi ọ̀gá wọn nípa dídú, ìdáhùn kan náà tó fún Ìyá Súlú ló fún mi, kò kólòlò.

Ní tèmi, adìẹ yẹn tó ariwo tí wọ́n ń pa. Sáńwíìṣì yẹn ni kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Búrẹ́dì ẹ̀ ń dán, wọ́n fi bọ́tà pa á lára, síbẹ̀ oníkéèkì ló yẹ kó máa tà á. Owó ẹ̀rọ amúlétutù, owó jẹnẹrétọ̀ àti ti àga aláwọ yẹn wà nínú owó tí mo san, mi ò sì gbé àga relé. Màá tún lọ, ẹyọ méjì náà ni, pẹ̀lú ìgò kùkúmbà, nígbà tí owó oṣù bá wọlé lásìkò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìyàwó mi ní kí n bi Ìyá Súlú: báwo lẹ ṣe ń po nọ́nọ̀ yẹn?

ÌyáSúlú_Aládìẹ

Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹni tó gbé ìgò lọ sí GRA, èèyàn mi ni.

Nọ́nọ̀ tí wọn ò tíì fi ṣúgà sí ni kí ẹ rà, ẹ tètè sọ fún ìyá Fúlàní náà kó tó bù ú. Èyí tó ti kan dáadáa ló dára. Ẹ bu èyí tó máa bo adìẹ mọ́lẹ̀, ẹ fi iyọ̀ sí i títí tí ẹ bá tọ́ ọ wò tó fi ní iyọ̀ díẹ̀ ju ọbẹ̀ lọ, ata gígún, aáyù lílọ̀. Àwọn kan ń fi mágí sí i, èmi kì í fi sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó adìẹ sínú ẹ̀, kó sùn nínú fíríìjì mọ́jú. Tí kò bá sí iná, ẹ má fi sílẹ̀ lásán o, yálà kí ẹ ra yìnyín yí i ká tàbí kí ẹ sún un sí ọjọ́ míì.

Fún ìyẹ̀fun, fúláwà agolo mẹ́ta sí kọnfúláwà agolo kan. Ẹ wọ́n nọ́nọ̀ tí ẹ fi rẹ adìẹ díẹ̀ sínú ẹ̀, ẹ fi ìka rà á kó ṣù wóróworo. Àwọn wóró yẹn ló ń di ṣágiṣàgi tí Bàbá Ráyáàn bù jẹ. Ẹ yí adìẹ nínú ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa, kó wà nílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lẹ̀ kí ẹ tó dín in. Méjì-méjì ni kí ẹ máa dà á sí òróró. Tó bá jáde, orí asẹ́ onírin ni kí ẹ tò ó sí. Bí ẹ bá tò ó sórí ìwé ìròyìn, abẹ́ ẹ̀ á rọ̀. Fún ti àkọ́kọ́, itan ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ fi àyà sílẹ̀ ná, itan kì í tètè gbẹ.

Ṣẹ́gun_Tanke

Àǹtí, ṣé ẹ wà ní Òkè-Òdò lálẹ́ òní? Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo ní lọ́wọ́.

ÌyáSúlú_Aládìẹ

Máa bọ̀ lẹ́yìn Ìṣáì, itan á kàn ọ́. Kéèṣì ni kó o mú wá o, má sọ fún mi pé o ti fi ránṣẹ́ sí báńkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àná ṣì ń bí mi nínú.